Ògiri Mẹ́rin Tí Kò Gbà Láti Dọ́gba

Ọjọ́ Ajé, 23 Oṣù Kejì, 1998. Ìlá.

Báwo ni èèyàn ṣe ń sọ fún ìlú rẹ̀ pé kí wọ́n wó ohun tí wọ́n fi ayọ̀ kọ́?

Ìbéèrè yìí ni kò jẹ́ kí n sùn. Mo ti ka ìwé púpọ̀ lórí ilé kíkọ́ – ti òyìnbó, ti Lárúbáwá, ti àwọn tó ń fi amọ̀ mọ ilé gogoro létí aṣálẹ̀. Kò sí èyí tó dáhùn rẹ̀.

Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí. Ilé ìkàwé ìlú yìí ni ilé àkọ́kọ́ tí ọ́fíìsì wa ní Ìbàdàn gbà kí n dá yà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ilé gígùn kan. Yàrá ńlá kan ṣoṣo nínú rẹ̀, òrùlé kan lórí rẹ̀. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ló ń kọ́ ọ. Kí ẹ̀ka kankan má baà sọ pé òun nìkan ló ṣiṣẹ́, wọ́n pín gígùn ilé náà sí mẹ́rin: ẹ̀ka Èkó, ẹ̀ka Ìbàdàn, ẹ̀ka Kàdúná, àti ẹ̀ka Ilé, ìyẹn àwọn tó ń gbé Ìlá níbí. Kálukú pẹ̀lú bíríkìlà tirẹ̀ àti sìmẹ́ǹtì tirẹ̀. Inú mi dùn sí i nígbà náà. Mo pè é ní ọgbọ́n.

Pláànù mi ní ìlà búlọ́ọ̀kù mẹ́rìnlá, kí òrùlé tó gùn ún. Mẹ́rìnlá. Mo fi lẹ́tà ńláńlá kọ ọ́.

Mo wá lọ sí Ọ̀rà fún ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí òrùlé kíláàsì mẹ́fà tí a ń kọ́ níbẹ̀. Mo padà dé lónìí ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Èkó ti mọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìbàdàn rí i, wọ́n mọ mẹ́rìndínlógún. Kàdúná rí Ìbàdàn, wọ́n mọ mẹ́tàdínlógún. Ilé – ilé mọ méjìdínlógún. Láti ojú títì, ilé ìkàwé mi dà bí àtẹ̀gùn tí kò lọ síbì kankan.

Ọ̀gá mi ń bọ̀ láti Ìbàdàn wá wò ó lọ́jọ́ keje oṣù tó ń bọ̀. Mo mọ ohun tí yóò sọ. Yóò ní kí wọ́n wó o. Tí wọ́n bá wó o, ìlú yóò dàrú. Tí wọn ò bá wó o, yóò pa orúkọ mi rẹ́ lórí pláànù, yóò sì fa ọwọ́ ọ́fíìsì kúrò nínú rẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ṣáájú Àjíǹde ni ìṣílé. Àwọn ọmọ ìlú ti ń sọ fún ara wọn.

Èmi ló yẹ kí n wà níbẹ̀. Èmi ni mi ò sí níbẹ̀.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 Oṣù Kejì

Mo lọ bá Kọ́mà. Alàgbà Ọláyọdé ni, alága ìgbìmọ̀ ìkọ́lé, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì. Mo sọ wọ́n ní Kọ́mà nítorí pé gbólóhùn wọn kì í dé ìdúró.

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí ẹ ò dá wọn lẹ́kun, sà. Wọ́n ní, "Bẹ́níìsì ọmọ mi, mo dá Ìbàdàn lẹ́kun, Ìbàdàn ní ṣé mo dá Èkó lẹ́kun ni, mo lọ bá Èkó, Èkó ní ìlà kan péré ni, kí ilé lè ríran díẹ̀, ìgbà tí Kàdúná dé, wọ́n ní àwọn ló wá láti ọ̀nà jíjìn jù, mo wá sá wá bá àwọn ará ilé, àwọn yẹn ní…"

Mo ní, "Kí ni wọ́n ní, sà?"

Wọ́n ní àwọn ará ilé béèrè bóyá ó yẹ kí ọmọ tó re àjò ga ju ilé tó ti jáde lọ.

Mo ní tí a bá wá ní kí gbogbo wọn gé e padà sí mẹ́rìnlá ńkọ́? Kọ́mà kà á sórí ìka. Wọ́n ní Èkó yóò wó ìlà kan, ilé yóò wó mẹ́rin. Ẹni tó ṣe jù ni yóò wó jù. Ẹ̀ka tó bá sì kọ́kọ́ gbé dígà sí tirẹ̀, kò ní wálé fún Àjíǹde mọ́, bóyá kò ní wálé fún ọdún mẹ́wàá.

Mo sọ ọ́ fún Màmá nídìí oúnjẹ alẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi gbé ṣíbí kalẹ̀. "Ẹ̀yin tí ẹ kàwé. Ẹ gbé iye kan lé ọmọ Ìlá lọ́wọ́, ẹ rò pé yóò dúró síbẹ̀."


Ọjọ́rú, 25 Oṣù Kejì

Mo jókòó ti pláànù láti òwúrọ̀. Mi ò fa ìlà kan.


Ọjọ́ Ẹtì, 27 Oṣù Kejì

Mo gbé rọ́bà omi lọ síbi iṣẹ́, rọ́bà funfun tí a ń rọ omi sí láti mọ̀ bóyá ògiri tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo fẹ́ wá ẹ̀bi. Kí n má purọ́: mo fẹ́ kí ògiri kan wọ́, kí n lè sọ pé èyí kò dára, ẹ wó o, kí ó má jẹ́ ọ̀rọ̀ gíga.

Hezekiah, bíríkìlà Èkó, di orí rọ́bà kan mú. Bàbá Jóṣúà, bíríkìlà ẹ̀ka Ilé, di ìkejì mú lókè lọ́hùn-ún. Ẹnu wọn kò sinmi.

Bàbá Jóṣúà ní, "Hezekiah, ṣé ẹ ń rí ojú ọ̀run láti ìsàlẹ̀ ibẹ̀ yẹn?"

Hezekiah ní, "Bàbá, tiyín ti ga jù. Tí ìjì bá dé, ẹ̀yin ló máa kọ́kọ́ kí."

"Kó kí wa. Onílé ni àlejò ń kọ́kọ́ kí."

Hezekiah yí sí mi. "Àǹtí, ẹ bá mi sọ fún Bàbá pé ilé ìkàwé là ń kọ́, wọn kì í fi àkàbà kàwé." Àwọn tó ń po sìmẹ́ǹtì rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì bínú sí ara mi.

Ohun tí rọ́bà sọ nìyí. Ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ́ pẹrẹsẹ. Kò sí èyí tó fi irun kan wọ́. Láti Èkó sí Ìbàdàn, búlọ́ọ̀kù kan géérégé. Láti Ìbàdàn sí Kàdúná, búlọ́ọ̀kù kan. Láti Kàdúná sí Ilé, búlọ́ọ̀kù kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wọ̀n ọ́n. Kálukú ti ka ti ẹnìkejì rẹ̀ dáadáa kí ó tó fi ẹyọ kan lé e. Ìgbéraga ni, àmọ́ ìgbéraga tó mọ ìwọ̀n ni. Mo ti ṣiṣẹ́ pẹ̀lú kọngílá tó gba owó ńlá, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tọ́ tó báyìí.

Mo rò ó nígbà tí mò ń bọ̀ nílé lórí ọ̀kadà. Èkó wà lápá àríwá. Ilé wà lápá gúúsù.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28 Oṣù Kejì

Ta ló ní òrùlé gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹyọ kan?

Èmi ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ mi.

Òrùlé mẹ́rin, kí ògiri kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Kí tòkè yọ sórí tìsàlẹ̀, bí ìpẹ́ ẹja ṣe ń gun ara wọn. Ibi tí ọ̀kan ti ga ju èkejì lọ, kí a má fi búlọ́ọ̀kù dí i, gíláàsì ni kí a fi sí i láti ìbú dé ìbú. Ihò ìmọ́lẹ̀ mẹ́ta, tẹ́ẹ́rẹ́, gbọọrọ. Gbogbo wọn yóò kọjú sí àríwá, níbi tí oòrùn kì í ti í sábà wọlé tààrà. Ìmọ́lẹ̀ yóò wọlé, ooru kò ní bá a wọlé, ìwé kò ní ṣá. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tó bá gòkè yóò rí ibi bá jáde.

Pláànù mi àtijọ́ – mo wò ó dáadáa lónìí – yóò ṣókùnkùn láàárín. Mo ti mọ̀. Mo kọ "iná ẹ̀lẹ́kítíríìkì" síbẹ̀, mo sì kọjá lọ, bí ẹni pé iná máa ń wà.

Ìlà mọ́kànlélógún ni mo fà.


Ọjọ́ Àìkú, 1 Oṣù Kẹta

Ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò gbọ́ ìwàásù.

Télọ̀ tó fi iṣẹ́ ọnà bo ibi tí áyọ́ọ̀nù jó lára aṣọ oníbàárà: ọlọ́gbọ́n ni, àbí ẹlẹ́tàn?


Ọjọ́rú, 4 Oṣù Kẹta

Mo fi páálí mílíìkì kọ́ ilé náà ní kékeré, mo sì gbé e lọ fún Kọ́mà. Mo ti lẹ ègé ìwé ìròyìn mọ́ ilẹ̀ inú rẹ̀, láàárín gan-an. Wọ́n gbé e síta, wọ́n bọ́ fìlà, wọ́n gbé ojú sí ẹnu ọ̀nà páálí náà bí ẹni tó ń yọjú wo ilé aládùúgbò. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé ìròyìn náà síta, gbólóhùn kan, èkejì, pẹ̀lú ojú ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin.

Wọ́n dìde. Wọ́n ní, "Mo rí i kà." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gbólóhùn tó ní ìdúró.

Ìyàwó wọn yọ orí láti ilé ìdáná, wọ́n ní ṣé ẹ ti rí ibi tí ẹ máa sá sí báyìí tí ẹ bá ń sá fún iṣẹ́ ilé.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 Oṣù Kẹta

Rúlà dé. Ọ̀gá Afọlábí ni, ẹni tó ni ọ́fíìsì wa – kò sí ibi tí yóò lọ tí rúlà irin kò ní sí lápò rẹ̀. Ọjọ́ méjì ló fi wá epo kó tó lè kúrò ní Ìbàdàn. Nítorí náà, ojú rẹ̀ ti le kí ó tó rí ògiri.

Ó bọ́ sílẹ̀. Ó wò ó. Ó rìn yí i ká lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Ta ló pàṣẹ èyí?"

Mo ní kò sí ẹni tó pàṣẹ rẹ̀, sà. Ọ̀rà ni mo wà. Ó yẹ kí n wá wò ó lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mi ò wá. Mo ti pinnu pé n kò ní di ẹ̀bi ru ìlú. Ó tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi bá mi wí lójú àwọn bíríkìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ní ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lòun ti ń yà ilé ìwé àti ilé ìjọba, pé sẹkitéríàtì tí a ń parí lọ́wọ́ ní Òkè-Ìlá kò fi íńṣì kan yẹ̀, pé ilé tí kò bá pláànù mu kì í ṣe ilé, àṣìṣe tó ní ilẹ̀kùn ni.

Ó yí sí àwọn bíríkìlà: ẹ wó o padà sí mẹ́rìnlá. Kò sí ẹni tó mira. Bàbá Jóṣúà gbé fìlà wọn, wọ́n ní, "A ti gbọ́, sà. Kí Èkó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀." Hezekiah ní kí Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀, pé tiwọn jìnnà sí mẹ́rìnlá ju ti Èkó lọ. Ti Ìbàdàn ní òun ń dúró de Kàdúná. Ti Kàdúná ní àgbà ló ń ṣáájú, kí Bàbá Jóṣúà ṣáájú. Ọ̀rọ̀ náà yí padà sórí Bàbá Jóṣúà tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mo rí ẹnu Rúlà tó fẹ́ rẹ́rìn-ín, tó sì fún un pọ̀.

Ìgbà náà ni Kọ́mà gbé páálí mi jáde lẹ́yìn mọ́tò. Mi ò mọ̀ pé wọ́n gbé e wá.

Rúlà wo inú rẹ̀. Ó yọ rúlà, ó wọn bí òrùlé kan ṣe yọ lórí èkejì. Ó tún wò ó. Lẹ́yìn náà ó ní kí n bá òun rìn. Ohun tó sọ rèé, mo kọ ọ́ bó ṣe wà: "Tún un yà lọ́tun. Orúkọ rẹ nìkan ni kó wà níbẹ̀, kì í ṣe tèmi. Bó bá jò, ìwọ lo jò."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Ó ti lọ. Mi ò tíì mọ̀ bóyá ẹ̀bùn ló fún mi ni àbí okùn.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Oṣù Kẹta

Igi òrùlé ti dé orí ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Káfíńtà kan ṣoṣo fún gbogbo ilé – mo fọwọ́ lu tábìlì lórí ìyẹn. Tí ó bá jẹ́ mẹ́rin ni, òrùlé wa ì bá ti kan òṣùpá.


Ọjọ́ Àìkú, 22 Oṣù Kẹta

Òjò. Àkọ́rọ̀ tó le. Mo sáré láti ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́.

Ihò àkọ́kọ́, gbẹ. Ihò kẹta, gbẹ. Ihò kejì, láàárín Ìbàdàn àti Kàdúná, ń jò. Ìjì ń gbá omi wọ abẹ́ páànù, ó ń ṣàn sílẹ̀ lára ògiri bí omijé. Mo dúró lábẹ́ rẹ̀ títí ó fi dá. Ìwọ lo jò, ìwọ lo jò. Bẹ́ẹ̀ ni mò ń wí.

Mo bojú wẹ̀yìn, Hezekiah àti Bàbá Jóṣúà wà lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn náà sá wá. Kì í ṣe ìpín wọn ló ń jò, wọn ì bá ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọn ò ṣe é. Bàbá Jóṣúà fi orúkọ bàbá mi pè mí: "Ọmọ Oyèdọ̀tun, páànù òkè yẹn ló kúrú. Ẹ fi kún un." Hezekiah ní, "Ìdajì ẹsẹ̀ ti tó, Àǹtí." Bàbá ní kó má tó jù, kí Ìbàdàn má lọ sọ pé Kàdúná fi páànù bo àwọn lójú.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 Oṣù Kẹta

A fi ìdajì ẹsẹ̀ kún un. Òjò tún rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ó pọ̀ ju tàkọ́kọ́ lọ. Gbogbo rẹ̀ gbẹ.

Gbogbo rẹ̀ gbẹ.


Ọjọ́bọ̀, 2 Oṣù Kẹrin

Wọ́n ti kun ún, gíláàsì ti wọlé. Kò sí iná ní gbogbo ìlú láti ọjọ́ Ajé. Ní agogo mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo gbé àga kan sí àárín yàrá náà gan-an, níbi tó jìnnà jù sí fèrèsé, mo sì ṣí ìwé. Lẹ́tà rẹ̀ tín-ín-rín. Mo ka ojú ìwé mọ́kànlá. Mi ò gbé e súnmọ́ ojú. Ìmọ́lẹ̀ náà rọ̀, kò ní òjìji, ó ń bọ̀ láti òkè bí ẹni pé kò fẹ́ dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Nígbà tí mo gbé orí sókè, ọmọ ilé ìwé mẹ́fà ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ìwé wọn. Kò sí ẹni tó pè wọ́n. Sìmẹ́ǹtì kò tíì gbẹ dáadáa. Mi ò lé wọn.

Mo sunkún díẹ̀ lórí ọ̀kadà. Ọlọ́kadà bi mí bóyá wọ́n ṣẹ̀ mí ni. Mo ní rárá o.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 Oṣù Kẹrin

Rúlà fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́. Ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán ilé ń wá ilé tí wọn yóò yìn lọ́dún yìí, ọ́fíìsì wa yóò fi ilé ìkàwé sílẹ̀. Ó ní a ti parí kíláàsì Ọ̀rà, a ti parí Òkè-Ìlá, iṣẹ́ dáadáa ni, àmọ́ èyí ni òun fẹ́ kí wọ́n rí. Ó ti padà gba ilé náà, láìsọ pé òun gbà á.

Ṣùgbọ́n ó ti kọ ìdáhùn sí ibi tí wọ́n ti béèrè ìdí tí a fi yà á bẹ́ẹ̀. Ó ní òrùlé mẹ́rin náà ń fi hàn bí ìmọ̀ ṣe ń gòkè láti ìpele dé ìpele, àti pé láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni a ti rí i bẹ́ẹ̀ lọ́kàn.

Kí n kàn fọwọ́ sí i ló kù.

Ó dára létí. Ó lè gba ẹ̀bùn. Irọ́ ni.

Ṣé irọ́ tó lẹ́wà ń pa ẹnikẹ́ni lára? Mo bi ara mi bẹ́ẹ̀ títí. Ó ń pa ẹni mẹ́rin, ó kéré tán: àwọn tó mọ ògiri.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11 Oṣù Kẹrin

Ìṣílé. Mo ti ń kọ láti agogo mẹ́wàá alẹ́, ọwọ́ mi kò yá tó.

Mọ́tò Kàdúná dé ní àárọ̀, eruku ọ̀nà kún orí wọn. Èkó ti wà níwájú, wọ́n ti gba àga iwájú. Mo ń gbọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń mú ọmọ wọn yí ilé ká. Ọkùnrin Èkó kan ní, "Ìsàlẹ̀ ni ìpìlẹ̀, àwa la bẹ̀rẹ̀ rẹ̀." Obìnrin Kàdúná kan ní, "Ẹ wo gíláàsì wa, òun ló gùn jù." Gíláàsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba. Èmi ni mo wọ̀n ọ́n.

Wọ́n ní kí ayàwòrán ilé sọ̀rọ̀. Rúlà jókòó ní ọwọ́ ọ̀tún mi. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ sínú ìwé. Mo ká a.

Mo sọ fún wọn pé mo yà òrùlé kan, pé mo ní mẹ́rìnlá. Mo ka iye tí kálukú mọ. Ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n ń wo ara wọn. Ní mẹ́rìndínlógún, ẹnìkan húkọ́. Ẹ̀rù bà mí nígbà náà. Mo ní gíga yín ni mo fi rí ìmọ́lẹ̀ tí mi ò rí nígbà tí mo ń dá yà á. Mo ní mélòó ni ilé mọ? Kí n tó dáhùn, Bàbá Jóṣúà ti dìde lẹ́yìn, wọ́n ní, "Méjìdínlógún. Ẹ jẹ́ kó yé wọn dáadáa."

Ẹ̀rín náà bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó sì dé iwájú. Ará Èkó ń rẹ́rìn-ín ara wọn. Alága ẹ̀ka Kàdúná ń nu ojú. Ẹnìkan ní tí a bá mọ̀ ni, ogún là bá mọ. Ẹlòmíràn ní ogún kẹ̀, ìwọ tó ṣì jẹ ẹgbẹ́ ní sìmẹ́ǹtì. Kọ́mà gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀ ìparí, wọn ò parí rẹ̀ títí ọjọ́ fi rọ̀, kò sí ẹni tó bínú. Gbogbo ìgbà náà ni ìmọ́lẹ̀ ń bọ̀ láti òkè sórí gèlè àti fìlà wọn, láìsí iná kankan.

Mi ò wo ojú Rúlà. Níbi mọ́tò, nígbà tó ń lọ, ó na fọ́ọ̀mù náà sí mi. Ó ti fi rúlà fa ìlà tọ́ kan la ìdáhùn rẹ̀ já. Ó ní, "Kọ ọ́ bí o ṣe sọ ọ́." Ó wọ mọ́tò. Ó tún yọ orí. "Fi orúkọ tèmi sí abẹ́ tìrẹ."


Ọjọ́ Àìkú, 12 Oṣù Kẹrin. Àjíǹde.

Mo ti kọ ọ́. Gbólóhùn mẹ́fà. Ẹ̀ka mẹ́rin, bíríkìlà mẹ́rin pẹ̀lú orúkọ wọn, iye ìlà búlọ́ọ̀kù. Orúkọ mi. Lábẹ́ rẹ̀, orúkọ Ọ̀gá Afọlábí – lónìí, mi ò lè pè é ní Rúlà.

Mi ò mọ̀ bóyá yóò gba ẹ̀bùn. Ohun tó jí mi kò ju èyí lọ: bí wọ́n bá ti gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, ilé ìkàwé tó ṣókùnkùn ni ǹ bá kọ́ fún wọn. Ì bá dọ́gba. Ì bá bá pláànù mu. Wọn ì bá pàtẹ́wọ́ fún mi, ǹ bá sì gbà pé ó tọ́ sí mi.

Àkùkọ ti kọ lẹ́ẹ̀mejì. Màmá ti ń ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, wọ́n ń kọ orin Àjíǹde lábẹ́ ẹnu. Ilẹ̀ mọ́. Mo pa àtùpà.